Ó Ń Gbé Ọ̀nà Bọ̀, Àbí Ó Ń Gbé E Lọ?

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, náírà mẹ́wàá ni mo fi ń ra gẹdú igi ọmọ̀ tí mo fi ń gbẹ́ ère, tó ga jù mí lọ, kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sì ni ọkọ̀ ń gbà láti Ẹ̀fọ̀n dé Arámọkọ. Lónìí, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni, awakọ̀ á tún fi èébú lé e nítorí kòtò. Gẹdú? Ẹ má bi mí.

Nígbà náà, ère tó ń bú ìjọba ni mò ń gbẹ́. Mo sì ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin wa, àwa márùn-ún. Nígbà tó yá, ọmọ dé, ẹnu sì gbọ́dọ̀ jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ áńgẹ́lì fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ogójì ọdún áńgẹ́lì!

Ọ̀nà Arámọkọ yìí ló dá mi padà sídìí ère àtijọ́. Ìjọba ní àwọn ti ṣe é, owó rẹ̀ sì ti tán. Mo bá gbẹ́ ọkùnrin alágbádá kan tó ká ọ̀nà ọlọ́dà bí ẹní, tó rù ú, tí ilé àti igi kòkó ń rọ̀ dirodiro létí ẹní náà. Ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé iṣẹ́. Mo gbé ère náà síwájú ilé.

Kò pẹ́ tí ọmọ ẹ̀yìn aṣòfin wa kan fi dé. Ó yí i po, inú rẹ̀ dùn.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́! Ọ̀gá wa rèé, ó ń ru ọ̀nà bọ̀ wá fún wa. A ó rà á, a ó gbé e síwájú ọ́fíìsì."

Owó tó pè tó láti tún òrùlé mi ṣe. Kí n ṣáà ti dákẹ́ ni.

Ìyá arúgbó tó ń ta epo lódìkejì bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀ kẹ̀? Ṣé o ò rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ sí ni? Ulé rẹ̀ ló ń gbé e lọ!"

Ọkùnrin náà yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ dá wọn lóhùn. Ó ń bọ̀, àbí ó ń lọ?"

"Ó ń lọ," ni mo wí. "Mi ò sì tà á."

"Tí a bá bá a níbí lọ́jọ́ Sátidé, a ó fi dáná."

"Ẹ máa bọ̀. Orin lẹ ó bá níbẹ̀."

Mo ti ní orin náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í dá orin kó tún gbè é. Mo gbé fóònù, mo ń wá àwọn ẹgbẹ́ olórin mi àtijọ́. Afunfèrè ti kú. Onílù kú sí ìlú òyìnbó, wọn ò tiẹ̀ gbé òkú rẹ̀ wálé. Akọrin wa wà ní Ìkógòsì, ohùn ti lọ, ó ní òun á pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ wà ní Ìjurìn, orókún ń dùn ún, ó ní kí n rán ọ̀kadà wá gbé òun. Èmi náà sì wà. Àwa mẹ́ta ni wọn ó bá níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.