Pikọ́ọ̀pù Àrìnpé ní Etí Omi Igbókòdá

Òkun gba ilé Àrìnpé ní apá Etikan, ó sì gba ilẹ̀ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí. Kò tẹrí ba fún òkun. Ọkọ rẹ̀ bá àwọn apẹja lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì ránṣẹ́ sílé pé òun ti fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Kò tẹrí ba fún ìtìjú. Ọ̀gá tí ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ pé ọwọ́ obìnrin a máa kó àìsàn ran irin. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà lójoojúmọ́, láìbẹ̀bẹ̀, títí ojú fi ti ẹni tí ojú yẹ kí ó tì. Bẹntiróòlù jó apá rẹ̀ òsì, ó fi apá ọ̀tún parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì kọ̀ láti gbà á wọlé, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé wọn kò sí. Mo ń kọ èyí nítorí pé àwọn kan ti ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́nà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni èmi kì í fẹ́ kí irọ́ máa wọ bàtà òtítọ́ rìn kiri ìlú.

Etí omi Igbókòdá, níbi tí títì parí sí, ni Àrìnpé ní àtíbàbà páànù rẹ̀ sí. Àwọn apẹja láti Òde Ugbò títí dé Zion Pepe ni ó ń gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wá bá a. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba ọkàn rẹ̀ wà lẹ́yìn àtíbàbà náà: pikọ́ọ̀pù Píjò àtijọ́ kan, irú èyí tí àwọn baba wa fi ń kó ẹja gbígbẹ lọ sí Òkìtìpupa. Ó rí i lẹ́yìn ilé ìyanja kan tí wọ́n ti pa tì, koríko ti hù nínú rẹ̀ ó sì ti gba ojú fèrèsé jáde. Àwọn tí ó ni ín sọ pé kí ó máa gbé e lọ bí ó bá lè gbé e. Ó gbé e. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi bá ìpẹtà jà lára rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ iyọ̀ ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí irin sùn.

Kò tún un ṣe kí ó lè rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ó gé òrùlé rẹ̀ kúrú. Ó rẹ sípíríìnì rẹ̀ sílẹ̀ títí ikùn ọkọ̀ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ó wá ẹ́ńjìnnì kan tí ó tóbi ju imú ọkọ̀ náà lọ, ó gbé e síbẹ̀ láìbò ó, orí ẹ́ńjìnnì náà sì yọ síta bí orí ọ̀nì lójú omi. Sàléńsà méjì gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ó kun gbogbo rẹ̀ ní pupa tí ó ń dán. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò fi Píjò ọlọ́wọ̀ sílẹ̀ bí Píjò, ó dá mi lóhùn pé, "Mà, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é ti ṣe tirẹ̀. Èmi náà ń ṣe tèmi."

Ìlú kò gbà á gbọ́. Àwọn kan ní epo tí kò ní ìwé ni yóò máa fi kó. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó ni ẹ́ńjìnnì náà ń sunkún níbì kan. Sunday, wẹ́dà tí àtíbàbà rẹ̀ wà lódìkejì, kò tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí Àrìnpé, ẹ sọ òótọ́ fún wa. Ẹ́ńjìnnì yìí, ta ló ń wá a kiri?"

"Ìyàwó rẹ ni. Ó ní èyí tí ó wà nílé kì í tètè gbiná."

Gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, Sunday náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í pa ìfura. Ó ṣì ń wo ẹ́ńjìnnì náà láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí Àrìnpé fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe kò farasin. Kingsley nìkan ni ó ní àwọn ọkọ̀ tí ń kó ẹja láti etí omi wa lọ sí ìgboro. Ọkùnrin yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sanra, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí obìnrin kan, ẹja obìnrin náà á lọ ní òwúrọ̀. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn, ẹja náà á jókòó sínú oòrùn títí eṣinṣin á fi di oníbàárà rẹ̀. Sàrátù, tí ń ta ẹja láti Zion Pepe, ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òun àti Àrìnpé ti wá ṣe àdéhùn pé ní ọjọ́ tí pikọ́ọ̀pù náà bá jáde, ẹja Sàrátù àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa kó. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni ó ṣe pàtàkì: kí ọkọ̀ náà jáde gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ Àrìnpé, kí ẹnikẹ́ni má rí ìka kan fi bọ̀ ọ́.

Ìgbà náà gan-an ni Kingsley di onínúure.

Ó kọ́kọ́ gbé táyà tuntun wá. Àrìnpé yí i padà sí ilé rẹ̀, ó yí i gba àárín ọjà kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Kingsley tún gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja wá. Àrìnpé ní òun ti jẹun, bẹ́ẹ̀ kò tíì jẹun. Ó gbé ọ̀dà pupa wá, ó sì ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò pẹ̀lú ọkọ̀ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "ẹ̀yin náà ẹ ti le jù. Ṣé ènìyàn kò lè ṣe oore ni?"

"Báwo ni mo ṣe di ẹ̀gbọ́n yín, Bọ̀dá Kingsley? Nígbà tí wọ́n ń sọ mí lórúkọ, ẹ ti ń ju àwọ̀n."

"Ọ̀wọ̀ ni mo fi pè yín bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀wọ̀ náà dání bí ẹ bá ń lọ. Ẹ má gbàgbé ọ̀dà yín."

Àwọn kan sọ pé ìgbéraga ni. Èmi bi wọ́n pé: ẹni tí kò fún ìyàwó ara rẹ̀ ní táyà kẹ̀kẹ́ rí, kí ló dé tí ó fi ń fún mẹkáníìkì ní táyà ọkọ̀?

Àṣà kan wà lọ́dọ̀ wa tí àlejò lè má mọ̀. Ọkọ̀ ojú omi tuntun kì í dá nìkan wọ odò. Àwọn ènìyàn a kóra jọ, wọn a tì í, ẹni tí ó bá sì fọwọ́ kàn án ní ọjọ́ náà ní ìpín nínú ẹja àkọ́pa. Àṣà rere ni. Òun ni kì í jẹ́ kí aláìní ọkọ̀ fi ọwọ́ òfo lọ sílé. Ṣùgbọ́n Kingsley ti kọ́ bí a ṣe ń fa àṣà gùn. Nígbà tí Sàrátù ra ọkọ̀ fáíbà tirẹ̀, Kingsley bá wọn tì í. Ó gba ẹja àkọ́pa. Nígbà tí ó yá ó ní òun fẹ́ fi "ọkọ̀ wa" kó símẹ́ńtì. Nígbà tí Sàrátù kọ̀, ó pe àwọn àgbà jọ, ó sì bi wọ́n pé ṣé òun kọ́ ni òun tì í wọ omi? Àwọn àgbà ní òótọ́ ni, àwọn rí ọwọ́ rẹ̀ lára ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ Sàrátù ti ń ru ẹrù Kingsley nígbà tí ó bá wù ú.

"Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú," ni Sàrátù sọ fún Àrìnpé lójú mi. "Wàá rò pé ó ń bá ọ gbá ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀ ni."

"Kò ní kan tèmi," ni Àrìnpé wí.

Ó ku ìsàlẹ̀ ibi ìkẹ́rùsí. Níbẹ̀ ni Àrìnpé ti hùwà ọmọ etí omi. Bí baba rẹ̀ ti ń dí ọkọ̀ onígi ni ó ṣe dí i: ó fi fáíbà lẹ gbogbo oríkèé rẹ̀, ó fi ọ̀dà dúdú lé e, ó jó ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ pa pátápátá. Ó da omi sí i láti dán an wò, ẹ̀kán kan kò jò. Inú rẹ̀ dùn gidigidi, nítorí omi ẹja kò ní máa kán sí títì mọ́.

Sunday na ọrùn wò ó. "Ṣé ojú omi ni ẹ fẹ́ máa gbà lọ sí Òkìtìpupa ni?"

"Bí títì bá tún bàjẹ́ sí i, ìwọ náà á gba ojú omi."

Mo gbóríyìn fún un, ó sì tọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní orí ilẹ̀ gbígbẹ ti mọ ohun tí àwa kò rántí. Ọkọ̀ tí kò ní ihò tí omi lè gbà wọlé, kò ní ihò tí omi lè gbà jáde.

Ó dá ọjọ́ Sátidé tí yóò wà á jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ó gbé ọkọ̀ náà sí etí àtíbàbà, ó fi tapólì bò ó, ó sì fi okùn àwọ̀n dì í ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo rí i nígbà tí ó ń dì í; ìdì tí apẹja mọ̀ ni, ìjì kì í tú u. Òjò dé, òjò etí òkun tí kì í mọ ìgbà tí ó yẹ kí àlejò lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá tapólì lórí àpótí irinṣẹ́. Ẹnì kan ti ká a. Ó ká a dáadáa, igun sí igun, bí ìgbà tí obìnrin bá ká aṣọ ìjọ́sìn.

Omi òrùlé páànù ti ń tú sínú ọkọ̀ náà láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ibi ìkẹ́rùsí kún dé ẹnu. Pikọ́ọ̀pù tí ikùn rẹ̀ kò jìnnà sí ilẹ̀ ti rì sínú iyanrìn títí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi hàn mọ́.

Àrìnpé yí i ká. Ó fọwọ́ kan tapólì náà, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀.

"Atẹ́gùn ni," ni Sunday wí.

"Atẹ́gùn kì í ká aṣọ, Sunday."

"Èmi kọ́ o."

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àìdá ihò sí ìdí rẹ̀, èmi ni mo ṣe ìyẹn."

Ó mú gálọ́ọ̀nù tí wọ́n gé lẹ́nu, ó gun ọkọ̀ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi. Àwọn èrò tí ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi dúró wò ó: obìnrin kan nínú mọ́tò pupa lórí ilẹ̀, tí ń gbọ́n omi bí ẹni tí ó wà láàárín ọ̀sà. Ẹnì kan kígbe bi í pé ẹja mélòó ni ó ti rí. Ó ní òun ti rí ẹja ọ̀bọ̀kún kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi òun ní ìbéèrè.

Ó gbọ́n ọn tán. Ó dá ihò sí ìsàlẹ̀ ibi ìkẹ́rùsí. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó sì ti ìtì igi àgbọn sábẹ́ táyà, irú èyí tí a fi ń yí ọkọ̀ onígi gun èbúté. Sàrátù ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní òun fẹ́ bá a tì í. Àrìnpé mi orí.

"Bí ọwọ́ rẹ bá kàn án, ọwọ́ mìíràn á gba abẹ́ tìrẹ wọlé. Dúró síbẹ̀, kí o máa wò mí."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà tí Kingsley fi dé. Kò dá wá. Ó kó àwọn ọkùnrin lẹ́yìn, gbogbo wọn ti ká ṣòkòtò sókè sí orúnkún, ọ̀kan sì ti na fóònù sókè, ó ń ya fídíò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo gbọ́ pé ọkọ̀ rì, ni mo ṣe kó ọwọ́ wá."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìlú ni."

"Ilé yín jìnnà síbí. Ìgbà wo ni ìlú rìn dé ọ̀dọ̀ yín, tí àwọn wọ̀nyí fi ráyè ká ṣòkòtò?"

Kingsley wo ilẹ̀, ó wo Sunday, ó rẹ́rìn-ín.

Àrìnpé wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ńlá náà bú ramúramù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹyẹ lékèélékèé fi gbéra lórí omi. Táyà yí sófo, ó da iyanrìn sẹ́yìn, ó tún yí, ó mú igi àgbọn náà. Ọkọ̀ náà gbéra. Imú rẹ̀ gòkè. Sàrátù ti pàtẹ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kí táyà ẹ̀yìn gun orí ilẹ̀ líle, ó sì dúró níbẹ̀, ó ń gbọ̀n, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

Kingsley ṣẹ́jú sí ẹni tí ó mú fóònù. Ó rìn wá, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù náà, ó sì kọjú sí fídíò.

Àrìnpé rí i nínú díńgí. Gbogbo ohun tí ó kù kò ju títẹ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ, ẹnikẹ́ni tí ó wà níbẹ̀ rí i. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ náà sún sẹ́yìn, Kingsley fò yẹ̀ ẹ́, táyà sì jábọ́ padà sínú kòtò tí ó ti fi gbogbo òwúrọ̀ jà láti jáde.

Ó sọ̀kalẹ̀. Iyanrìn bò ó dé irun.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?" ni Kingsley wí. "Ó ti ń jáde. Ẹ jẹ́ kí a tì í lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀fẹ́ ni, mi ò ní bèèrè nǹkan kan."

"Rárá, Bọ̀dá Kingsley," ni Àrìnpé wí, ó kọjú sí fóònù náà kí ó lè gbọ́ dáadáa. "Mi ò fẹ́ kí ẹ tì í."