Amí tí Orúkọ Rẹ̀ Kò Sí Nínú Fíìmù

Bàbá ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà ní Fìdítì, kì í rẹ́rìn-ín rárá tí wọ́n bá ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló wu ọ̀gá onífíìmù kan tó fi fún wọn ní ipa amí. Nínú fíìmù náà, ọwọ́ ọ̀tá tẹ Bàbá, ó dè wọ́n mọ́ àga, ó ní, "Ta ló rán ẹ?"

Bàbá wò ó jẹ́ẹ́. "Bá mi họ ẹ̀yìn ná, kí n lè rántí."

Gbólóhùn yẹn kò sí nínú ìwé eré. Bàbá ló fi kún un. Gbogbo Ìlọra, ìlú wa, ló ń sọ ọ́ kiri. Ṣùgbọ́n orúkọ Bàbá kò sí lára kásẹ́ẹ̀tì fídíò náà, kò sì sí nínú fíìmù. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

"Ìyàwó, jókòó," ni Bàbá wí. "Amí tí gbogbo ayé bá mọ orúkọ rẹ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́."

Àwọn ará ilé tó kù rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kejì, ọ̀gá onífíìmù náà wá sílé wa, ó fẹ́ kí Bàbá tún bá òun ṣeré. Bàbá ní kí n bu omi fún àlejò. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, n kò kọ iṣẹ́ wọn rí. Lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó, mo ń wo ojú ọkùnrin náà títí ó fi dìde lọ.