Ẹjọ́ Ẹni Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi, má bá mi tún un ṣe. N kò lọ síléèwé, ṣùgbọ́n ojú mi ríran, etí mi sì ń gbọ́ràn. Inú ilé tó lẹ̀ mọ́ tiwa ní ẹ̀gbẹ́ páàkì Mayesbrook ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín.

Obìnrin Íńdíà tó ń gbé ibẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi ni, opó bíi tèmi. Màmá Íńdíà là ń pè é nílé wa. Òun náà mọ̀, ó máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Òun ń pè mí ní Mámà, bí ẹ̀yin ọmọ ṣe ń pè mí. Gẹ̀ẹ́sì tèmi ń tiro, tirẹ̀ náà ń tiro, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá di ara wọn mú, wọ́n á rìn dé ibi tí wọ́n ń lọ. A kì í wọ bàtà wọ ilé rẹ̀, bí a kì í ti í wọ ọ́ wọ ilé àdúrà wa. Ìyẹn ló kọ́kọ́ mú mi fẹ́ràn rẹ̀.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní láyé, ọkùnrin, ó wà ní Íńdíà nínú ilé tí bàbá wọn kọ́. Nígbà tí bàbá yìí kú, àbúrò lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ó búra pé òun nìkan lọmọ tó kù. Wọ́n ní, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ńkọ́? Ó ní ó ti kú sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n ṣe kọ gbogbo ilé sórúkọ rẹ̀ nìyẹn. Màmá Íńdíà sì rèé níbí, ó ń bomi rin ewé ọbẹ̀ lójú fèrèsé.

Ọjọ́ tó sọ ọ́ fún mi, ọwọ́ ni mo ká lérí. Nílé wa, bí èèyàn bá gba ilé onílé, a ó pè é lólè. Ṣùgbọ́n kí èèyàn pe ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà láàyè ní òkú, èpè nìyẹn. Òun kò ṣẹ́ èpè padà, ẹjọ́ ló pè, ẹjọ́ méjì. Ọ̀kan nítorí ilé, kí wọ́n pín in. Èkejì lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, nítorí irọ́ tí àbúrò fi ìbúra pa, ìyẹn sì lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Wọ́n fà á títí irun àwọn méjèèjì fi funfun.

Mo ti kìlọ̀ fún un nígbà kan. Mo ní, "Màmá, àwa máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Ó ní, "Mámà, ta ló sọ fún yín pé ọ̀rẹ́ ni mò ń wá?"

Ìgbà tó yá, àìsàn kọ lu àbúrò náà. Àwọn ẹbí kóra jọ pẹ̀lú àwọn lọ́yà, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ ilé: ìsàlẹ̀ fún àbúrò, òkè fún ẹ̀gbọ́n. Mo ní ó ti bùṣe. Ó ní rárá o. Ọ̀rọ̀ ilé, àwọn tó ni ín lè jọ parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọlọ́pàá ti di ti ìjọba, ẹni tó gbé e lọ kò lè gbé e bọ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ló lè fagi lé e. Bó bá jẹ́ ìpànìyàn ni, wọn ò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ìjà ọmọ ìyá lórí ilé bàbá, adájọ́ lè fagi lé e, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti gbà, àti pé ẹnikẹ́ni kò fipá mú òun. Lọ́yà kò lè bá a sọ ọ́. Ara rẹ̀ kò sì gba ọkọ̀ òfuurufú mọ́, ni wọ́n bá ní kó sọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà.

Bó bá sọ ọ́, àbúrò ń lọ sílé. Bí kò bá sọ ọ́, aláìsàn yẹn lè kú sẹ́wọ̀n.

Ó ní kí n wá jókòó ti òun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa tírélà ní Dagenham Dock, gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì oúnjẹ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ilé àdúrà ni mo ti ń bọ̀, sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn mi.

Mo ní, "Ṣé ẹ ó sọ ọ́?"

"N kò mọ̀, Mámà. Òun ló ní mo ti kú. Lónìí, wọ́n ní kí òkú wá dárí jì í."

"Òkú ló rọrùn láti bẹ̀ jù. Wọn kì í jiyàn."

Ó gbá mi lápá, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

A wo ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn kó tó kan tirẹ̀. Àwọn lọ́yà dà bíi kannakánná lójú mi, dúdú lára, funfun láyà. Nígbà tí wọ́n pe tirẹ̀, wọ́n di ọkùnrin kan lápá mú wá síwájú, ó ti gbẹ bí igi. Màmá Íńdíà sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ó ti wá jọ bàbá wa."

Adájọ́ bi Màmá Íńdíà bóyá ó ti gbà láti inú ọkàn rẹ̀. Kò dáhùn. Adájọ́ tún un bi. Àbúrò rẹ̀ ló ń wò.

Nílé wa, bí àgbà bá kọ ẹ̀bẹ̀, ẹni tó bá wà nítòsí á kúnlẹ̀ ni. A kì í jẹ́ kí ẹlẹ́bẹ̀ dá ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́. N kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ń rí mi.

Adájọ́ gbójú sókè. "Ìyáàfin, ta lẹni tó wọ funfun lẹ́yìn yín yẹn? Ṣé ó ń fipá mú yín ni?"

Ó yíjú, ó rí mi lórí eékún. Omi dé ojú rẹ̀. Ó kọjú sí adájọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni."

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Adájọ́ wo ìwé iwájú rẹ̀, ó ní ìwé sọ pé ọmọ méjì ni bàbá wọn bí.

"Olúwa mi, ìwé tí àbúrò mi kọ, ọmọ kan ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi ọ̀kan kún un."

Àwọn kannakánná rẹ́rìn-ín. Àbúrò kò rẹ́rìn-ín, ó sorí kọ́. Adájọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jáde, kò gbọdọ̀ sí ẹnì kankan nínú yàrá náà bó bá ń dáhùn.

Mo fi tábìlì dìde, mo wọ kíṣìnì, mo pa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n ti bọ́ sínú èdè wọn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo gbọ́ ti adájọ́. Ohùn àbúrò rẹ̀ wá jáde, kò gùn. Ó tún un sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹkún ló ń sun.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ó ti parí."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní kí n tó dáhùn, kí adájọ́ bi í ẹni tí mo jẹ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni mí. Adájọ́ ní kó tún un sọ, kí akọ̀wé gbọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni mí, mo wà láàyè. Ìgbà yẹn ni mo sọ tèmi." Ó gbé omi tíì kaná. "Adájọ́ ti fagi lé ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ní kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà lọ sí ọ́fíìsì yẹn, kó lọ jí mi dìde."

A kò tíì mu tíì náà tán tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ó wò ó títí ó fi dákẹ́.

"Àbúrò yín ni?"

"Òun ni."

"Ẹ ò sì gbé e?"

"Mámà, òkú kì í gbé fóònù lọ́jọ́ tó jí."

N kò rọ̀ ọ́. Mo ti kúnlẹ̀ tó fún ọjọ́ kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì mi nígbà tí fóònù dún lódì kejì ògiri. Ó dún, ó dún, ó dákẹ́. Mo rò pé ó tún ti jẹ́ kó lọ. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń bá a wí, ó ń jágbe mọ́ ọn, kò jẹ́ kó ráyè fèsì. N kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo ti ní àbúrò rí. Mo bá ẹ̀wà mi lọ.