Ẹsẹ̀ Tí Mo Pè Ní Ẹsẹ̀ Ire

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, mo ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòsì, ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bá kọ. Àtẹ̀gùn méjì péré ni, mo sì ti ń gùn ún láti ọdún mọ́kàndínlógún. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà kò dùn mí tó bó ṣe yẹ kó dùn mí. Mo kíyè sí ìyẹn, ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé ẹ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn tán.

Kí n má parọ́ fún yín, inú mi tiẹ̀ dùn. Nílé tí wọ́n ti bí mi, kálukú ló mọ ẹsẹ̀ tó ń sọ ire fún un àti èyí tó ń sọ ibi. Ti ìyàwó mi, òsì ni ire. Tèmi, ọ̀tún ni, láti kékeré. Bí òsì bá kọ nígbà tí mo ń jáde, màá padà wọlé, màá mu omi, màá jókòó díẹ̀. Bí ọ̀tún bá kọ, ẹ̀rín ni màá máa rín kiri. Ṣọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ti lo ọdún méje nílé ọkọ láìrí ọmọ gbé pọ̀n. Ire wo ni mo tún fẹ́ máa retí?

Ẹsẹ̀ náà tún kọ lọ́jọ́ kejì. Ó kọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́rú. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, mo pe Ṣọlá lórí fóònù, mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ò jẹ́ n sinmi, ire ń bọ̀ wá bá a. Ó rọra ṣe àmín.

Bàtà ni mo ń ṣe, mo sì tún ń tún un ṣe. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wo ìsàlẹ̀ bàtà àwọn èèyàn, mo sì mọ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ju ojú wọn lọ. Kálukú ló ní ẹsẹ̀ tó fi ń ṣáájú: òun ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù, òun ló kọ́kọ́ ń kì bọ ṣòkòtò. Ọ̀tún ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n mo ti rí i lára àwọn oníbàárà mi tó dàgbà pé bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gbára lé lè máa yí padà díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo rí i pé òsì ni mo wá fi ń gun àtẹ̀gùn, òsì ni mo sì kọ́kọ́ ń wọ bàtà sí, mo ní ọjọ́ orí ló dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta kúkú ni mí.

Mo bọ́ bàtà ọ̀tún mi wò. Iwájú ẹ̀ ti jẹ wọnú. Ti òsì ò ní nǹkan kan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe bàtà náà, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta. Ká ní oníbàárà ló gbé e wá ni, màá bi í pé kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀. Tèmi, mo fi awọ lẹ̀ ẹ́, mo kan ìṣó mọ́ ọn, mo wọ̀ ọ́ lọ sílé.

Orí fífọ́ ló tẹ̀ lé e. Ó máa ń bá mi jí láàárọ̀, yóò sì wà níbẹ̀ títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan mo gé awọ bàtà fún oníbàárà, mo gé e tán ni mo rí i pé ẹsẹ̀ òsì méjì ni mo gé. Mo jókòó tì wọ́n, ẹ̀rù sì bà mí, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi ní òun ń gbọ́ ìrìn mi láti ilé ìdáná, pé ẹsẹ̀ kan ń dún, ìkejì ń wọ́ nílẹ̀. Mo jágbe mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń rìn bọ̀, yóò dá ohun tó ń ṣe dúró, yóò máa tẹ́tí.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Ṣọlá wá láti Mende. Mo dìde lọ pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Daddy, bàtà yín ti bọ́."

Mo wẹ̀yìn. Bàtà ọ̀tún mi wà nídìí àga, mo sì ti rin gbogbo pálọ̀ já pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán láìmọ̀. Mo fẹ́ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi. Mo rí ojú ọmọ mi bó ṣe yí padà.

Ní ọsibítù, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Obìnrin ni dókítà tó rí wa. Ó bi mí bóyá mo forí gbá nǹkan láìpẹ́ yìí, mo mi orí pé rárá. Ìyàwó mi ló rántí. Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo fi orí gbá irin ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo dìde lábẹ́ ẹ̀. Kò wú, kò ṣẹ̀jẹ̀. Róòbù ni mo fi pa á.

Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí mi. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló ti ń jò díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ awọ tó bo ọpọlọ, lápá òsì, ó sì ti ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bí èèyàn bá ń dàgbà, ọpọlọ máa ń sún kì díẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké á nà, kí èèyàn kàn rọra gbá orí, ó lè já wọn. Ṣọlá ṣàlàyé fún un pé mo ti sọ fún òun pé ọjọ́ orí ló yí ẹsẹ̀ tí mo fi ń ṣáájú padà.

Dókítà ní, "Ó lè yí i padà lóòótọ́, sà, ṣùgbọ́n ọdún gbọọrọ ló máa gbà. Èyí tó bá yí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má pè é ní ọjọ́ orí."

Ó ní wọ́n máa lu ihò kékeré méjì sí eegun orí mi láti fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Ó ní tí a bá fi falẹ̀, mo lè má jí mọ́, àti pé bí wọ́n tiẹ̀ ṣe é, òun ò lè búra pé ẹsẹ̀ náà á padà. Nígbà tí wọ́n ń tì mí lọ, Ṣọlá di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi mú. Ojú ni mo fi mọ̀, ara mi ò sọ fún mi.

Mo jí pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde lórí mi. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ padà, ẹsẹ̀ ò padà. Àwọn tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn gbé bọ́ọ̀lù síwájú mi, wọ́n ní kí n gbá a. Mo pàṣẹ fún ẹsẹ̀ ọ̀tún títí òógùn fi bò mí, ó kàn wà níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó mira. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin kí n tó padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo bẹ Ṣọlá nítorí ìrètí tí mo gbé lé e lọ́wọ́. Kò bínú. Ó kàn ní, "Daddy, ẹ má fi ẹsẹ̀ yín wo inú mi mọ́." Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, ó sì tọ́ sí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ wo ìsàlẹ̀ bàtà yín. Bí ọ̀kan bá ṣàdédé ń jẹ níwájú, ẹ má gbé e wá bá mi kẹ́ ẹ tó lọ rí dókítà. Ara mi sọ̀rọ̀ fún mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èmi ni mo ń túmọ̀ ẹ̀ sí ohun tó wù mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọ̀rọ̀ sísọ kò sú ara mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù kan náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tún kọ. Mo jókòó síbẹ̀. Mi ò pe Ṣọlá. Ìyàwó mi ni mo pè, mo sọ fún un. Ó bi mí bóyá ó dùn mí.

Mo ní ó dùn mí gan-an, pé omi ń bọ́ lójú mi. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.