Ẹ̀yìn Ni, Kì í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Mojíbọ́lá Ọláògún, ẹ má wulẹ̀ bú u. Ẹ ṣáà kó ṣúgà kúrò níwájú rẹ̀ nígbà tó bá ń mu tíì. Obìnrin tó ti gbẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọ Uwani nílùú Enugu, tí kì í pariwo mọ́ aláboyún, tí kì í pariwo mọ́ ọkọ, á wò yín bí ìgbà tí ẹ bá jí i lẹ́rù. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ṣúgà yọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ṣúgà yìí kan náà ló sì kù díẹ̀ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún 1971 ló dé Enugu pẹ̀lú Julius ọkọ rẹ̀, tí iléeṣẹ́ rélùwéè gbé wá síbẹ̀ lẹ́yìn ogun. Wọ́n gba yàrá méjì ní Uwani, wọ́n sì bí Kẹ́mi síbẹ̀, ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì àti Ìgbò ló fi ń lá àlá. Bí wọ́n bá ní kó kí àgbà ní Yorùbá, á kọ́kọ́ wo òkè àjà ná. Agbẹ̀bí ni Mojíbọ́lá ní ọsibítù kan tí kò jìnnà sí ilé wọn, Nọ́ọ̀sì Mojí ni gbogbo wọn ń pè é níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kì í tó nígbà náà. Àwọn aláboyún mìíràn, orí mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń bí sí, orí eékún ni Mojíbọ́lá sì máa ń wà títí ọmọ á fi dé. Kò bínú sí i. Ó ní gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ abiyamọ, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ agbẹ̀bí, àti pé agbẹ̀bí tí kò bá lè kúnlẹ̀ ti abiyamọ, kó yáa lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Iṣẹ́ yìí náà ló ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ kan ní 1979, òun àti nọ́ọ̀sì kan ń gbé obìnrin tó dákú láti ilẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ ẹnì kejì yọ̀, gbogbo ẹrù sì já lé Mojíbọ́lá lọ́wọ́. Nǹkan kan já pọ́n-ún ní ìbàdí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tó bá jókòó pẹ́, ìyà ni. Tó bá dúró pẹ́, ìyà ni. Tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú aṣọ nílẹ̀, á kọ́kọ́ ki ara rẹ̀ láyà. Wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀. Wọ́n ní egungun ò ṣẹ́, kókó ò hù níbẹ̀, ikọ́ ife ò wọ egungun. Pé àwọn oríkèé àti iṣan ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ti ṣiṣẹ́ kọjá agbára wọn, tí wọn ò sì lè gbé ara ró dáadáa mọ́. Wọ́n fún un ní oògùn. Ó lò ó títí oògùn fi ń dá inú rẹ̀ lóró, ẹ̀yìn ò sì yéé dùn ún. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí àwa Yorùbá fi gba ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹ kúkú mọ̀ wá. Láti ìbàdí dé ìjókòó, kò sí ohun tó lè dun ọmọ Yorùbá tí a ò ní pè ní jẹ̀díjẹ̀dí. Nínú ẹgbẹ́ àdúrà àwọn Yorùbá tó ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, kò sẹ́ni tó yẹ Mojíbọ́lá wò kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Wọ́n ní ohun dídùn ló ń jẹ jù. Wọ́n ní ṣúgà ló lọ jókòó sí i nídìí. Ìyá kan gbé àgbo wá nínú ìgò, Mojíbọ́lá fi ọ̀wọ̀ àgbà mu ún, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta sáré lọ sí ilé ìgbẹ́ pẹ̀lú ẹ̀yìn tí kò ṣeé sáré. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ọjọ́ náà ni inú bí i. Hóró ṣúgà kan ló ń fi sínú tíì tẹ́lẹ̀. Ó sọ ọ́ di mẹ́rin, níṣojú gbogbo wọn.

Àṣìṣe gan-an wà níbòmíràn, kò sì mọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ gba ìsinmi àìsàn, kò lè jókòó kọ fọ́ọ̀mù, Julius ló bá a mú un lọ sí ọ́fíìsì. Ẹni tó ń tọ́jú fáìlì níbẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Súnmọ́lá Akíntọ́lá, Yorùbá bíi tiwọn, alàgbà nínú ẹgbẹ́ àdúrà. Ó bi Julius pé kí ló ń ṣe Ìyá Kẹ́mi. Julius, tí etí rẹ̀ ti kún fún ohun tí ẹgbẹ́ ń sọ, dáhùn pé jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n ní. Akíntọ́lá ro ó díẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé piles, ìyẹn kókó tó ń yọ lójú ìdí, àìsàn tí kò ṣe Mojíbọ́lá rí láyé rẹ̀. Ó ti fáìlì pa. Ọ̀rọ̀ náà sùn síbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Ní 1985, Yéjídé àbúrò Mojíbọ́lá, nọ́ọ̀sì nílùú London, kọ lẹ́tà wá. Ó ní níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tẹ wáyà tín-ín-rín sí ẹ̀bá ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn tí ìrora wọn kò gbọ́ oògùn, iná díẹ̀díẹ̀ á sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Julius ní iná wo ni wọ́n fẹ́ fà wọ inú ara èèyàn. Mojíbọ́lá ní bí wọ́n bá fẹ́ fa iná ọ̀pá òpópónà wọ inú òun, kí wọ́n máa fà á bọ̀. Ó gba ìsinmi, ó lọ.

Dókítà ibẹ̀ kò tàn án. Ó ní ẹ̀rọ náà kò ní tún ẹ̀yìn ṣe, pé yóò kàn dúró lójú ọ̀nà ni, kí ìrora má baà rí àyè ròyìn ara rẹ̀ fún ọpọlọ. Wọ́n fi wáyà onígbà díẹ̀ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó ri èyí tí yóò máa gbé inú ara mọ́ ọn, pẹ̀lú nǹkan pẹlẹbẹ kan tó tó bọ́tìnnì kóòtù, lábẹ́ awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àpótí kékeré kan wà lóde tí ó ń so mọ́ ìbàdí, ó ní iná pupa bín-ńtín lójú, wáyà ara rẹ̀ ni wọ́n ń fi téépù lẹ̀ mọ́ awọ níbi tí bọ́tìnnì náà wà. Tó bá ti tan àpótí, á dà bí ẹni pé èèrà ń tò láti ìbàdí dé itan rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan èyí tó wà títí, bàtà rẹ̀ kan wà lábẹ́ àga. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó sì bú sẹ́kún. Ìrora kò kúrò nílé, ó kàn lọ jókòó sí yàrá kejì ni.

Nígbà tó padà dé Enugu, ó rí i pé àpótí náà jẹun ju ọmọ ọwọ́ lọ. Bátìrì kékeré olórí méjì ló ń lò, irú èyí tí rédíò kékeré Julius ń lò, wọ́n sì ṣọ̀wọ́n lọ́jà Ogbete nígbà náà. Julius kì í jẹun alẹ́ láìgbọ́ ìròyìn. Síbẹ̀ ó ṣí ẹ̀yìn rédíò rẹ̀, ó yọ bátìrì, ó gbé e sórí Bíbélì ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà rédíò Julius di odi. Kẹ́mi sì ń lọ káàkiri àdúgbò, ó ń sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "My mummy dey use battery."

Oṣù kejì tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ìwé dé. Ìgbìmọ̀ ọsibítù ní ó fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ ju ìgbà tí wọ́n fún un lọ. Wọ́n ní àwọn ṣí fáìlì rẹ̀, piles ni àwọn bá níbẹ̀, ta ló ń torí ojú ìdí lọ gba wáyà sẹ́yìn nílùú òyìnbó? Wọ́n ní kó wá wí tẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò fẹ̀yìn rẹ̀ tì nítorí àìsàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìwé dé, Akíntọ́lá yà sílé wọn. Kò jókòó dáadáa. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ agídí. "Ìyá Kẹ́mi, bí ẹ bá ti wọlé, ẹ kúnlẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n. Bí obìnrin bá kúnlẹ̀, ojú á ti ọkùnrin."

Mojíbọ́lá ní ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kọ́, ìbéèrè lòun ní: ta ló kọ piles sínú fáìlì òun? Akíntọ́lá wo Julius, ó ní ohun tí Bàbá Kẹ́mi sọ lòun kọ. Julius wo ilẹ̀. Inú bí Mojíbọ́lá gan-an, nítorí àwọn méjèèjì yìí ni ì bá sá tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́.

"Bọ̀dá Akíntọ́lá," ó ní, "wọ́n ní kí n fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìn tí kò gba ìjókòó, tí kò gba ìdúró, ara ògiri wo ni kí n fi í tì? Mi ò jalè, mi ò purọ́. Mi ò ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nítorí àṣìkọ yín."

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin mẹ́ta ló bá lẹ́yìn tábìlì, pẹ̀lú Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì, Ìyáàfin Ani, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mojíbọ́lá gbé lẹ́tà dókítà London kalẹ̀. Ó ṣàlàyé bí fáìlì ṣe ṣìnà. Alága, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní lẹ́tà lọ̀tọ̀, iṣẹ́ lọ̀tọ̀. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní kó jọ̀ọ́ kúnlẹ̀ níbẹ̀, kó sì dìde, kí àwọn rí i bóyá ó lè ṣe é. Kò ní ibi lọ́kàn. Ọmọ Ìgbò ni, kò mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́ níwájú ọkùnrin mẹ́ta fún obìnrin tí wọ́n ti ní kó wá bẹ̀bẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni Mojíbọ́lá fi dá a lóhùn, àmọ́ ohun tó sọ nìyí: "Mi ò ní kúnlẹ̀ níbí, sà. Níbi tí mo ti wá, ẹni tó bá kúnlẹ̀ báyìí ń tọrọ àforíjì ni. Abiyamọ ni mo ń kúnlẹ̀ fún. Ẹ jẹ́ kí n lọ síbi iṣẹ́ mi, kí ẹ ní kí ẹnìkan wá wò mí."

Ọ̀kan nínú wọn ní ìgbéraga nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Ani ti dìde. Ó ní obìnrin méjì wà nílẹ̀ ní yàrá ìrọbí báyìí, kò sí bẹ́ẹ̀dì fún wọn, òun fúnra òun yóò lọ wò ó, kí àwọn ọ̀gá fara balẹ̀ dúró.

Ọ̀dọ́bìnrin kan láti Emene ló kàn, oyún àkọ́bí ni. Mojíbọ́lá fọ ọwọ́, ó tan àpótí rẹ̀ lábẹ́ yunifọ́ọ̀mù, èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í tò, ó sì kúnlẹ̀ ti mátírẹ́ẹ̀sì. Ó lé ní wákàtí kan tó wà níbẹ̀. Nígbà tí orí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó gbọ́ tí èèrà náà ń dínkù. Wọ́n dínkù sí i. Wọ́n dákẹ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ká etí aṣọ sókè wo àpótí, iná pupa ti kú. Bátìrì mìíràn kò sí níbẹ̀, kò sí nílé pàápàá. Ìrora dìde ní yàrá kejì, ó rọra rìn wọ pálọ̀.

Ìyáàfin Ani, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, rí iná tó kú. Ó béèrè bóyá kí òun pe nọ́ọ̀sì mìíràn.

"No, ma," Mojíbọ́lá ní. Ó sì sọ fún ọ̀dọ́bìnrin náà kó máa tì í bọ̀.

Ó gba orí, ó gba èjìká, ó gba odindi ọmọ. Obìnrin ni. Ó so ìwọ́, ó gé e, ó nu ọmọ lójú, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, ó gba ibi ọmọ. Ìgbà náà ló wá ku ìdìde. Ìyáàfin Ani na ọwọ́ sí i. Kò gbà á. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri, ó gbé eékún kan, ó sinmi, ó gbé ìkejì. Òógùn bò ó lójú. Ó dúró.

Ìyáàfin Ani padà sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Battery don tire, she no tire." Alága pa fáìlì dé.

Mi ò ní purọ́ fún yín: ọjọ́ mẹ́ta ni Mojíbọ́lá fi dùbúlẹ̀ lẹ́yìn náà, Julius ló ń pọn omi, Julius ló ń se ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó tún bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni Akíntọ́lá tún wá, fáìlì wà lábíyá rẹ̀. Wọ́n ti ní kó tún un kọ, ó sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ara. Mojíbọ́lá bu tíì fún un, ó bu ti ara rẹ̀. Nínú yàrá, rédíò ń sọ̀rọ̀, nítorí Julius ti rí bátìrì méjì rà.

Akíntọ́lá ṣí bírò. "Kí ni kí n wá kọ báyìí?"

"Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀yìn ni. Ẹ kọ ọ́ pé iṣẹ́ yín ló bà á jẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé mo ṣì wà lẹ́nu rẹ̀."

Ó kọ ọ́ bó ṣe wí. Ó fi rúlà fa ìlà lórí piles, ó buwọ́ lù ú. Ó fẹ́ pa fáìlì dé ni ojú rẹ̀ bọ́ sí ife Mojíbọ́lá, níbi tí hóró ṣúgà mẹ́rin ti ń yọ́. Ó gbìyànjú láti dákẹ́, kò rí i ṣe.

"Ìyá Kẹ́mi, ṣùgbọ́n ṣúgà yẹn..."

Mojíbọ́lá mú hóró karùn-ún. Ó jù ú sínú ife, ó mú ṣíbí, ó sì ń rò ó títí tí a kò fi gbọ́ ìyókù ohun tí Akíntọ́lá ń sọ mọ́.