Àwòrán Tí Sagynbek Kò Ní

Kò sí òkúta ibojì kan ní abúlé wa tí iṣẹ́ Sagynbek kò sí lára rẹ̀. Òun ló ń ya fọ́tò wa. Bí ẹnì kan bá kú, a ó gbé fọ́tò rẹ̀ fún Kubat tó ń gbẹ́ òkúta, kí ojú olóògbé lè wà lórí ibojì kí ọdún kan ikú rẹ̀ tó pé. Lọ́jọ́ tí ọdún náà bá pé la máa ń pa ẹṣin, tí ẹbí á péjọ wá wò ó. Fọ́tò ìyàwó rẹ̀ nìkan ni Sagynbek kò ní.

Yíya àwa èèyàn ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n àgbàlá rẹ̀ ló fẹ́ràn: òdòdó igi ápíríkọ́tì, oyin tó ń bà lé e, alápàńdẹ̀dẹ̀ tó kọ́lé sábẹ́ òrùlé. Atẹ́gùn adágún wa kì í jẹ́ kí ẹ̀ka dúró, nítorí náà Burulcha ìyàwó rẹ̀ ló máa ń fi ìka méjì di ẹ̀ka mú fún un. Bí fọ́tò bá jáde, Sagynbek á mú àlùmọ́gàjí, á gé etí tí ìka wà kúrò. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ṣe é.

"Bàbá Aizat, ọwọ́ mi tún ti ba nǹkan jẹ́ nìyẹn?"

"Ìwọ lo ní n ò gbọdọ̀ ya ojú ẹ."

"Ẹn-ẹn! Gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá ti yà, orí òkúta ni mo ti ń rí wọn. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jayé ná!"

Èmi ọ̀rẹ́ wọn jókòó níbẹ̀, mò ń mu tíì, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Burulcha gbà kí ọkọ rẹ̀ ya ojú òun, torí ìwé ìdánimọ̀. Nígbà tó kú, tí ápíríkọ́tì ń tanná, Sagynbek fúnra rẹ̀ ló dá ìwé náà padà fún ìjọba bí a ti ń ṣe. Ó délé tán kó tó rántí pé fọ́tò kan ṣoṣo náà ti bá ìwé lọ. Fíìmù rẹ̀ ńkọ́? Omi yìnyín tó yọ́ ti wọ ilé ìkẹ́rùsí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, gbogbo fíìmù ti lẹ̀ mọ́ra. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún pé, Aizat ọmọ wọn dé láti ìlú ńlá. "Bàbá, fọ́tò Màmá dà?"

Inú bí mi, mo sọ fún Sagynbek pé, "O ya oyin, o ya ẹyẹ, o ò ya ìyàwó ẹ!" Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Ó dùn mí títí dòní.

Lọ́jọ́ kejì, Aizat ṣí àpótí ìránṣọ ìyá rẹ̀ láti rán aṣọ tí a ó fi gbàlejò. Òwú pupa tó ń lò tán lára pépà tí wọ́n ká a mọ́. Ìka ló wà lára pépà náà.

"Bàbá! Ẹ wá wò ó!"

Burulcha ò da ohun tí ọkọ rẹ̀ ń gé nù. Òwú ló ń ká mọ́ wọn. Sagynbek jókòó sílẹ̀, ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òwú yẹ́lò, òwú aláwọ̀ ewé, títí òwú fi bo orúnkún rẹ̀. Àtàǹpàkò rèé. Ìka ìfábẹ̀lá rèé, pẹ̀lú àpá epo gbígbóná.

"Mo gé ẹ dànù," ó ń sunkún bí ọmọdé. "Burulcha, ọwọ́ ara mi ni mo fi gé ẹ dànù."

Nígbà tí Sagynbek kó wọn lọ bá Kubat, ìyẹn ò kọ́kọ́ gbà. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń gbẹ́ ìka sórí ibojì? Wọ́n á bi yín pé ojú dà."

"Jẹ́ kí wọ́n bi mí. Ó tọ́ sí mi."

Lọ́jọ́ ọdún náà, ẹ̀rù bà mí pé wọn á fi ṣẹ̀sín. Ìyá Zeinep, àgbà wa, ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan àpá orí òkúta.

"Burulcha rèé," ó ní. "Ilé mi lepo ti ta sí i, níbi tó ti ń bá mi dín bórsok oníyẹ̀fun fún ìgbéyàwó ọmọ mi."

Nígbà tí àlejò lọ tán, Sagynbek gbé kámẹ́rà rẹ̀ sórí tábìlì lábẹ́ igi. Òdòdó ti tún yọ. Atẹ́gùn ń fẹ́. Ó na ọwọ́, ó fi ìka méjì di ẹ̀ka kan mú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa yà á.