Iná Aláwọ̀ Aró Inú Táńkì

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń fi etí lé ara táńkì irin ńlá kan ní Trans-Amadi, ní Port Harcourt, bí ìyá tó ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mí. Pọ́ńpù á máa kùn, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, inú mi á sì máa dùn ṣìnkìn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹnjiníà ni nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi láti Amadi-Ama títí dé Abuloma.

Fáàfù epo rọ̀bì ni ilé iṣẹ́ wa ń dán wò tẹ́lẹ̀, kí ọ̀gá wa, ọmọ Ikwerre kan tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, tó ní a gbọ́dọ̀ gbìyànjú ohun tuntun. Wọ́n yá wa ní ẹ̀rọ kan láti òkè òkun, kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ. Tí wọ́n bá so ó mọ́ sátẹ́láìtì, á máa fi iná mànàmáná ti gáàsì jáde sẹ́yìn, sátẹ́láìtì á sì máa lọ síwájú. Nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ lójú ọ̀run lọ́hùn-ún, a ní láti kọ́kọ́ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú táńkì jáde kí a tó tan ẹ̀rọ náà nínú rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ìdánwò náà lé lọ́wọ́.

Bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta páàtì mọ́tò ní ọjà Oil Mill, bi mí bí agbára ẹ̀rọ náà ṣe tó. Mo gbé ìwé pélébé kan lé wọn ní àtẹ́lẹwọ́.

"Bí ìwé yìí ṣe ń tẹ̀ yín lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ni agbára rẹ̀ mọ, Bàbá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Òun ló máa ti ọkọ̀ lókè? Ọmọ mi, na wash be dat!"

"Kì í sinmi ni, Bàbá. Á máa tì í lọ fún oṣù, fún ọdún."

Wọ́n rò ó wò díẹ̀. "Ẹn-ẹ́n. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ náà wá láti wò ó, ọ̀gá sì ti kìlọ̀ fún wa pé bí iná kò bá tàn, ìdí fáàfù la ó padà sí. Èmi náà wọ kóòtù dúdú nínú ooru Port Harcourt, bí ẹni tó ń wáṣẹ́ ní báńkì. A ti ń fa afẹ́fẹ́ látàárọ̀, ọwọ́ gééjì tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ tó kù nínú táńkì ṣe pọ̀ tó sì ń sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ bọ́tìnnì tó máa tan ẹ̀rọ náà báyìí, ọwọ́ gééjì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, díẹ̀ báyìí.

"Na small thing," ọ̀gá ní. "Fire am."

Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé, iná á fò kiri inú táńkì, á sì jó ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n yá wa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ kúrò.

"Oga, abeg, no vex. Air dey enter. I no go fire am."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò, kò rẹ́rìn-ín sí mi. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó lọ wọ bààlúù.

Bí wọ́n ṣe lọ, a ṣí táńkì. Mo bọ́ kóòtù, mo rá wọlé. Róbà tó yí ojú ihò tí wáyà gbà wọ táńkì ká ti là bí gìgísẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Mo nà án sí ọ̀gá. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"If you fire am, e for don burn," ó ní. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì rá wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú róbà tuntun lọ́wọ́.

Pọ́ńpù ṣiṣẹ́ mọ́jú. Nígbà tí àwọn àlejò padà dé, ọwọ́ gééjì ti lọ sílẹ̀, kò mira. Mo tẹ bọ́tìnnì. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo rí i láti ojú dígí táńkì: ìmọ́lẹ̀ bàìbàì kan yọ, ó ràn, ó sì dúró, aláwọ̀ aró, láìpariwo, láìrú èéfín.

"E don catch!" ọ̀gá kígbe, ó di ọ̀kan nínú àwọn àlejò mú, ó gbé e sókè. Èmi ń fò, mò ń sunkún, mò ń pe bàbá mi lórí fóònù.

"Bàbá, ó ti tàn!"

Mo gbọ́ tí wọ́n ń pariwo fún gbogbo ìsọ̀ ọjà: "My pikin don light am!" Ẹnìkan bi wọ́n pé kí ni wọ́n tàn. "I no know! But e don light!"

Mo ti dán ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wò lẹ́yìn ìyẹn, ewú sì ti ń yọ lórí mi. Wọ́n so ẹ̀rọ mìíràn tó bá ti àkọ́kọ́ yẹn mu mọ́ sátẹ́láìtì, ó sì wà lókè lọ́hùn-ún tó ń tì í lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojú mi kò lè tó o láti Abuloma. Síbẹ̀, nírọ̀lẹ́, tí àwọn apẹja bá ń tu ọkọ̀ bọ̀ wálé, mo máa ń dúró létí omi, màá sì gbójú sókè. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Madam, wetin you dey look?"

"My work," mo dá a lóhùn.

Òun náà gbójú sókè, ó wò títí, kò rí ohunkóhun, ó sì kí mi kú iṣẹ́.